Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì X-ray, ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń jáde

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá X-ray fún IT (ìkọ́ṣẹ́ ilé ìwé), mo mọ̀ pé wọ́n ti fi chart tó wà lára ògiri hàn yín, ọwọ́ 50 kV, àyà 120 kV (kV, kílófóòtì, ni agbára tí iná fi ń tì), ẹ kàn ń wò ó ẹ ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ o, mi ò ní kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹni tó sanra ju ti chart lọ bá wọlé, tàbí ọmọ ọwọ́ tí ò ju odindi búrẹ́dì kan lọ, chart ò ní bá yín sọ nǹkankan. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú tùúbù yẹn ló máa mọ èyí tó yẹ kó fi kún àtèyí tó yẹ kó yọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, ẹ má tíì pe aláìsàn kankan. Ẹ pa kólímétọ̀ (ìlẹ̀kùn òjé tí X-ray ń gbà jáde) dé, kí gbogbo èèyàn jáde, kẹ́ ẹ wá yìn ín lófìfo lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú kV àti mA (iye iná tó ń ṣàn) kékeré, bí ìwé ẹ̀rọ yín bá ṣe sọ. Irin inú tùúbù yẹn tutù mọ́jú ni, ṣé ẹ lè da omi híhó sínú ife gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde kó má sán? Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá wa ń kánjú láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìbàdí ẹni tó sanra ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, la bá gbọ́ 'kà!', irin ti sán, oṣù mẹ́ta gbáko la ò fi ya ẹnikẹ́ni.

Ohun tó wà nínú àpótí tó wà lókè yẹn, tí wọ́n fi òjé tẹ́ nínú, gíláàsì kan ni tí ọ́ìlì yí ká, wọ́n sì ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Lápá kan, wáyà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ká bíi sípíríǹgì, fílámẹ́ǹtì nìyẹn, cathode. Lódìkejì, àwo irin kan tó ń yí, tí etí ẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀, anode nìyẹn. Tungsten ni wọ́n sábà ń fi ṣe ojú ẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ṣe wáyà yẹn, torí kò sí irin míì tó ṣòro yọ́ tó o, ó di 3,422 °C.

Bọ́tìnì yẹn, ìpele méjì ló ní. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé àbọ̀ kẹ́ ẹ dúró. Ẹ máa gbọ́ 'hùùù', anode ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí yẹn, ó máa ń yí tó 3,000 sí 10,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Lásìkò kan náà iná ti ń gba inú fílámẹ́ǹtì kọjá, ó ti pọ́n yòò bíi gílóòbù àtijọ́ aláwọ̀ pupa yẹn, ó gbóná ju 2,000 °C lọ, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (àwọn èérún tín-ín-tìn-tín tó ń gbé iná) á wá máa jáde lára ẹ̀ bí ooru ṣe ń yọ lórí àmàlà, wọ́n á ṣù jọ síbẹ̀, wọn ò tíì lọ síbìkankan. mA tẹ́ ẹ yàn ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ má sì gbé ọwọ́ dúró pẹ́ jù sí àbọ̀ yẹn o, fílámẹ́ǹtì ń jẹ ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ ṣáà ti rí dúdú tó máa ń wà nínú gílóòbù tó ti pẹ́.

Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Ibí ni kV ti wọlé. Ká ní 100 kV lẹ yàn, anode á fa àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn tagbáratagbára, afẹ́fẹ́ ò sì sí tó máa dá wọn dúró lọ́nà, kí wọ́n tó rin sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ yẹn tán eré wọn ti ju ìdajì eré ìmọ́lẹ̀ lọ, eré tó lè yí gbogbo ayé po lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọ́n bá kọlu tungsten gbì. Ẹ rántí dánfó tó ń sáré bọ̀ tí dírẹ́bà já bírékì mọ́lẹ̀, tí òórùn táyà gba gbogbo àdúgbò, ibi tí eré yẹn lọ nìyẹn, ó di ooru. Nínú tùúbù náà, nǹkan bíi 99% ló di ooru, 1% péré ló di X-ray. Ẹ̀rọ olówó gọbọi yẹn, ààrò ni jàre, èéfín ẹ̀ la wá rà. Ìdí nìyẹn tí anode fi ń yí, kí ooru má bàa dúró sójú kan.

Ọ̀nà méjì ni 1% yẹn ń gbà jáde. Èyí tó pọ̀ jù ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba ẹ̀gbẹ́ àárín átọ́ọ̀mù tungsten kọjá, àárín yẹn á fà á, ó ṣẹ́rí, eré ẹ̀ dínkù, agbára tó pàdánù níbẹ̀ ló jáde bí X-ray. Bremsstrahlung làwọn ará Jámánì ń pè é, ìtànṣán ìjá-bírékì gan-an ni ìtumọ̀ ẹ̀. Torí kálukú ń ṣẹ́rí bó ṣe wù ú, agbára wọn ò dọ́gba, àmọ́ tó bá jẹ́ 100 kV lẹ tẹ̀, kò sí èyí tó lè ju 100 keV (ìwọ̀n agbára X-ray kọ̀ọ̀kan) lọ. Àwọn tó kéré jù níbẹ̀ ò wúlò fún wa, awọ aláìsàn ló máa mu wọ́n, wọn ò ní dé kásẹ́ẹ̀tì tó ń gba àwòrán, ìdí tí aluminium tó ń sẹ́ wọn fi wà lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ o.

Ọ̀nà kejì, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré bọ̀ á ti ọ̀kan tó jókòó sídìí átọ́ọ̀mù yẹn ṣubú. Bíi òde ìnáwó ni: bí àga ẹ̀gbẹ́ ọlọ́jọ́ ìbí bá ṣófo, ẹni ẹ̀yìn á sáré bọ́ síbẹ̀. Èyí tó bọ́ síbẹ̀ á ju agbára tó lé lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀, nínú tungsten nǹkan bíi 59 tàbí 67 keV ni, kì í yí padà. Àmọ́ 69.5 keV ni owó ìwọlé kẹ́nikẹ́ni tó lè ti èyí tó jókòó sídìí yẹn kúrò, torí náà bẹ́ ẹ bá fi 50 kV ya ọwọ́, ìjá-bírékì nìkan lẹ ń rí.

Röntgen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ́kọ́ rí X-ray ní Würzburg ní Jámánì lọ́jọ́ 8 November 1895 ò ní fílámẹ́ǹtì bíi tiwa. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú tùúbù tiẹ̀ ló gbára lé, lónìí á dáa, lọ́la á yọ ojú mìíràn. Ọdún 1913 ni Coolidge, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, gbé tùúbù onífílámẹ́ǹtì gbígbóná jáde, látìgbà náà lèèyàn ti lè yí mA lọ́tọ̀ kó yí kV lọ́tọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yín wà. mA ni iye àwọn tó ń sáré, kV ni eré tí wọ́n ń sá. Ẹ sọ mAs (mA tẹ́ ẹ fi iye ìṣẹ́jú-àáyá sọ di púpọ̀) di ìlọ́po méjì, X-ray á di ìlọ́po méjì, àmọ́ kò ní wọlé sí ara jù ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé kV sókè, á pọ̀ sí i, á tún wọlé sí i. Nínú iṣẹ́ wa, fífi 15% lé kV ń ṣe bíi ká sọ mAs di méjì, 70 kV á di bíi 80. Ẹni tó sanra, kV ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ọmọ ọwọ́, ẹ dín mAs kù, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àkókò ẹ̀ kúrú torí kò ní dúró jẹ́ẹ́ fún yín láé. Bẹ́ ẹ bá sún tùúbù sẹ́yìn láti mítà 1 sí mítà 2, ìdá mẹ́rin ẹ̀ kan ló máa dé ibẹ̀, ẹ má gbàgbé kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀rọ.

Bẹ́ ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, ó tán nìyẹn. Ìyá kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá kóun dúró díẹ̀ kóun tó fún ọmọ lọ́mú, kí iná yẹn lè jáde lára òun. Mo ní mà, bẹ́ ẹ bá pa gílóòbù, ṣé ìmọ́lẹ̀ ṣì máa ń kù sí yàrá? Ó ní ariwo yẹn ńkọ́, ṣé mi ò gbọ́ ni, ó ṣì ń dún 'hùùù'. Mo ní anode ló ń rọra dúró yẹn. Ó wo tùúbù, ó wò mí, ó gbé ọmọ ẹ̀ jáde lọ sí kọ́rídọ̀ kó tó fún un lọ́mú.