Bí mo ṣe ya iwájú àwo orin ẹ̀gbọ́n kan ní Kábà

Iṣẹ́ síínìbọ́ọ̀dù ni mo ń ṣe ní Kábà: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, orí oríṣiríṣi lára ògiri àwọn onígbàjámọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọrin ló wá bá mi pé kí n ya iwájú àwo òun tuntun, orin mẹ́fà, tí wọ́n máa gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti mọ ohun tó fẹ́: fọ́tò òun nínú agbádá, mọ́tò lẹ́yìn, orúkọ gàdàgbà, nọ́ńbà fóònù nísàlẹ̀ kí àwọn onínàáwó lè pè é.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ orin náà."

"O fẹ́ yàwòrán, o tún fẹ́ gbọ́ orin?"

Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù Fẹlá tó wà nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré ló kọ́ mi. Lemi Ghariokwu ló ya ti Alagbon Close ní 1974, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Fẹlá dúró gbọn-in, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti já lọ́wọ́ rẹ̀, ẹja àbùùbùtán sì ń dojú ọkọ̀ ojú omi ọlọ́pàá dé. Mo máa ń wo ẹja yẹn títí orin á fi tán.

Ẹ̀gbọ́n fi orin ránṣẹ́. Ìkẹta ló mú mi: bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń jí lóru, tí á gbé àtùpà, tí á forí lé ọjà. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí n tó mú pẹ́ńsùlù. Òkè, ojú ọ̀nà, obìnrin kan, àtùpà kan.

"Èmi ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n bi mí.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọrin. Ìyá yín ló wà lójú ọ̀nà."

Kò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n ó san àsansílẹ̀.

Mo ya á sórí pátákó tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóròó. Kí ojú ọ̀run má baà ṣófo, mo kùn ún ní pupa, mo sì fa ìlà sí i bí aṣọ tí àwọn obìnrin Bùnú ń hun. Mo rò pé mo ti dárà. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ Bùnú, wọlé, ó dúró.

"Ta ló kú?"

Aṣọ pupa yẹn, òkú olóyè ni wọ́n ń fi ṣẹ̀yẹ. Ìyá ẹ̀gbọ́n sì wà láàyè! Mo fi àwọ̀ aró bo gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi dúró kí ọ̀dà gbẹ.

Òjìji ni mo ti yà á ní fọ́tò láàárọ̀, láìtan iná fóònù, torí ọ̀dà olóròóró máa ń dán. Mo gé e kí ìbú àti òró bára dọ́gba, píksẹ́lì 3000 sí 3000. Ibi tí mo ti rí wàhálà ni ìgbà tí mo sọ ọ́ di kékeré. Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́ fẹ̀ tó ínǹṣì 12. Èyí, bí èékánná ni yóò rí lójú fóònù. Àtùpà pòórá. Mo padà sídìí pátákó, mo sọ àtùpà di ńlá, mo pa gbogbo igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ́. Igi wọ̀nyẹn ni mo yà dára jù. Ó dùn mí.

Nọ́ńbà fóònù nìkan ni mi ò bá a jà lé lórí. Ọjọ́ kẹta, àwọn tó ń bá a gbé orin jáde dá a padà: wọn kì í gba nọ́ńbà fóònù lójú àwòrán. Mo yọ ọ́, wọ́n gbà á.

Pátákó náà wà ní pálọ̀ ìyá rẹ̀ báyìí. Kí ẹ̀gbọ́n tó gbé e lọ, ó bẹ̀ mí pé kí n dá nọ́ńbà òun padà sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà.