Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Windows: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé lórí Ààbò Àkọsílẹ̀ inú Kọ̀ǹpútà

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ìyẹn ètò ìṣiṣẹ́ tó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí àwọn ará wa ń rà ní Banex ní Wuse II tàbí ní Farm Centre ní Kano. Kọ̀ǹpútà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí nínú ètò náà láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí yóò dí i mọ́, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àtúnṣe tí wọ́n là sílẹ̀ fún àwọn ìdílé títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ìdí nìyí tí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn àgbẹ̀ aládìẹ àti àwọn òbí ní Kubwa, Gwagwalada, Kuje àti Mararaba fi ń gbé láptọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà pé kó bá àwọn fi Windows 11 sí i. Ìwé yìí kò dá yín lẹ́kun. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má tíì gbé e lọ, kí ẹ má sì tẹ bọ́tìnì kankan, títí ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ yín yóò fi wà níbòmíràn, tí ẹ ó sì ti ṣí i wò lórí ẹ̀rọ mìíràn.

Ohun tí ẹ ń dáàbò bò

Windows ṣeé tún fi sí kọ̀ǹpútà nígbàkígbà, bẹ́ẹ̀ náà ni Word àti Excel. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oko Kuje ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, iye àpò àgbàdo tí ẹ kó lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí adìẹ gba àjẹsára Gumboro àti Lasota, iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà sóyà ní ọjà Dawanau ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ gbé tiyín lọ, kò sí ilé ìtajà tí ẹ ti lè rí ìwọ̀nyí rà padà. Ti ìdílé náà kò yàtọ̀: ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, èsì WAEC àwọn ọmọ, fídíò ìsọmọlórúkọ, àwòrán àwọn tí kò sí láyé mọ́.

Kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà, ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ sì fi bírò kọ ibi tí nǹkan wà sórí ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú “Documents” nìkan ni fáìlì ń gbé, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lójú “Desktop” àti nínú “Downloads” sábà máa ń pọ̀ jù ú lọ, gbogbo wọn pátá ló sì máa ń wà lórí díráìfù C, níbi tí Windows fúnra rẹ̀ ń gbé. Ẹ ṣí C, ẹ wọ “Users”, ẹ ó rí fódà tó ń jẹ́ orúkọ tí ẹ fi ń wọlé. Bí ẹ bá kó odindi fódà yẹn, ẹ ti kó èyí tó pọ̀ jù. Bí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ bá ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan náà, fódà tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ má sì fò ó.

Ètò ìṣirò owó ni mo fẹ́ kí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣọ́ jù. QuickBooks, Sage àti irú wọn kì í fi gbogbo ìgbà tọ́jú àkáǹtì sínú “Documents”. Wọ́n lè kó o sí fódà tó fara pamọ́, bíi “ProgramData”, tí ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà lásán kò ní rí. Kò pọn dandan kí ẹ máa wá fódà yẹn kiri. Ẹ ṣí ètò náà fúnra rẹ̀, ẹ lo àṣẹ “Backup” tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì darí ẹ̀dà náà sórí fíláàṣì tàbí sórí háàdì díráìfù alágbèéká. Ẹ kọ nọ́ńbà láísẹ́ǹsì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àìsí nọ́ńbà yẹn lè dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ gan-an tí ẹgbẹ́ fẹ́ pín èrè. Fún ẹni tó ń fi Outlook gba íméèlì, ó lè jẹ́ pé inú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú “pst” ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀ wà. Orí fóònù ni kí ẹ ti ṣe ẹ̀dà ti WhatsApp.

Díráìfù D kì í ṣe ibòmíràn

Ó wọ́pọ̀ kí ẹnjiníà sọ pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá, mo ti kó gbogbo rẹ̀ sí D.” Òótọ́ ni pé fífi Windows tuntun sórí C nìkan kì í kan D. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ìpín méjì lórí háàdì díráìfù kan ṣoṣo ni C àti D. Bí háàdì náà bá kú, méjèèjì kú pọ̀. Bí ẹni tó ń fi Windows sí i bá sì tẹ “Delete” lórí gbogbo ìpín tó rí, kí ojú ibẹ̀ lè mọ́, D ti bá C lọ. Àgbẹ̀ kì í kó gbogbo irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sínú àká kan, kó wá mọ ògiri sí àárín rẹ̀, kó ní òun ti ní àká méjì.

Ohun tí mo pè ní ibòmíràn ni háàdì alágbèéká tàbí fíláàṣì tí ẹ lè yọ, tí ẹ sì lè tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìlànà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dì mú ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ilé. Fún ìdílé kan ní Nyanya, èyí lè jẹ́ láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, háàdì kan nínú ilé, àti ẹ̀dà kẹta lọ́wọ́ àbúrò ní Kaduna tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google ń fúnni ní àyè gígábáìtì 15 lọ́fẹ̀ẹ́, OneDrive, ìyẹn ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń fúnni ní 5. Fídíò àti àwòrán yóò tètè kún un, wọn yóò sì jẹ dátà púpọ̀, nítorí náà ìwé àkáǹtì àti àkọsílẹ̀ oko ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ síbẹ̀.

Ẹ kíyè sí OneDrive dáadáa. Bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, yóò pa á rẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú, nítorí pé kí ìhà méjèèjì lè bára mu ni wọ́n ṣe ṣe é. Fáìlì tí ẹ bá sì rí àmì ìkùukùu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí lórí kọ̀ǹpútà yín rárá. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ yan “Always keep on this device” fún un, kí ẹ dúró kó sọ̀ kalẹ̀ tán, kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ṣíṣe ẹ̀dà àti yíyẹ̀ ẹ́ wò

Fíláàṣì tí wọ́n ṣètò (“Format”) sí FAT32, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí fíláàṣì fi ń to fáìlì, kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó bá tó gígábáìtì 4, èyí sì ni ìdí tí fídíò ìgbéyàwó fi máa ń kọ̀ láti wọlé nígbà tí àyè ṣì pọ̀. Bí ẹ bá tún un ṣètò sí exFAT nígbà tí inú rẹ̀ ṣófo, wàhálà yẹn parí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ tán, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí fódà ìpilẹ̀ṣẹ̀ àti lórí ẹ̀dà rẹ̀, ẹ yan “Properties”, kí ẹ sì fi iye fáìlì méjèèjì wéra. Ẹ lo “Eject” kí ẹ tó fà á yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ti aládùúgbò tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín, kí ẹ ṣí fáìlì Excel tó pẹ́ jù àti èyí tó dé kẹ́yìn, kí ẹ ṣí àwòrán díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí fídíò kan ṣeré dé òpin. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn fíláàṣì ayédèrú wà lọ́jà, tí wọ́n kọ gígábáìtì 512 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, tí àyè inú wọn kò sì súnmọ́ ọn. Orúkọ fáìlì á hàn níbẹ̀, iye rẹ̀ á pé, fáìlì kò sì ní ṣí.

Ọ̀fìn kan tún wà lójú ọ̀nà yìí. Ètò tí Microsoft fi ń ṣe fíláàṣì ìfisílẹ̀ Windows ń béèrè fíláàṣì tó tó gígábáìtì 8 ó kéré tán, ó sì ń pa gbogbo ohun tó bá bá lórí rẹ̀ rẹ́. Bí fíláàṣì tó gbé ẹ̀dà yín bá jẹ́ òun kan ṣoṣo tó wà nínú ilé, ẹ lọ ra òmíràn.

Kọ́kọ́rọ́ BitLocker

Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù kan, Windows ti fi BitLocker, ìyẹn àgádágodo ààbò tó wà nínú Windows, ti háàdì díráìfù pa láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, àti kọ̀ǹpútà tó lè lo Secure Boot, ìyẹn àyẹ̀wò ààbò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń dìde. Bí wọ́n bá wà ní pípa, ẹnjiníà yóò wọ inú BIOS, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde, lọ tàn wọ́n, ìyípadà bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì lè mú kí kọ̀ǹpútà béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà, ìyẹn nọ́ńbà gígùn kan tó ní òǹkà 48. Ẹni tí kò bá ní in, Microsoft pàápàá kò lè bá a ṣí i. Ẹ wọ àkáǹtì Microsoft yín lórí fóònù, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ sì fi í sí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà.

Láptọ́ọ̀pù tí Intel inú rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, kò bá tó ìran kẹjọ, tàbí tí RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, kò bá tó gígábáìtì 4, kò yege fún Windows 11. Àwọn ẹnjiníà mọ bí wọ́n ṣe ń fo àyẹ̀wò yẹn, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ní tèmi kò sì yẹ kí ìwé owó ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ náà

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é, ó sì yẹ kí ẹ béèrè èyí tí ẹnjiníà fẹ́ lò. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti inú Windows tó wà nílẹ̀, yóò gbé ohun mẹ́ta síwájú yín: “Keep personal files and apps”, “Keep personal files only”, àti “Nothing”. Èyí àkọ́kọ́ ni tiyín. Bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì, kò sí àǹfààní láti fi ètò àti fáìlì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mímọ́ ni wọ́n fẹ́ nù ún. Lọ́nà kejì yìí, ẹ yọ háàdì tó gbé ẹ̀dà yín kúrò lára kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí yóò hàn pọ̀ mọ́ àwọn ìpín tó kù, àṣìtẹ̀ kan sì tó láti nù ún.

Bí ẹ bá ní láti fi kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ yọ fáìlì tó ní NIN, BVN àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kúrò nínú rẹ̀, nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti wà ní ibi méjì. Lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023, ẹgbẹ́ tó gba ìsọfúnni náà lọ́wọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Ní ti iná, kí bátìrì kún, kí wáyà sì wà lára rẹ̀. Bí iná bá lọ ní àárín ìfisílẹ̀ tí bátìrì ti kú, Windows lè má dìde mọ́. Ẹ má fi í sórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò ní sítábíláísà. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, nígbà tí ooru Abuja àti ti òkè lọ́hùn-ún bá le, orí tábìlì ni kí ó wà, kì í ṣe orí ibùsùn; nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò nínú fáànù rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti fẹ́ gba Windows 11, ó ju gígábáìtì 5 lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀

Bí fáìlì kan bá sọnù lẹ́yìn ìpààrọ̀, ẹ wo fódà “Windows.old” lórí C, nínú “Users”, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọjọ́ 10 ni Windows fi ń pa fódà yẹn mọ́ kó tó pa á rẹ́, láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn náà ni ẹ sì lè padà sí ti àtijọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́ nítorí pé àyè ń tán.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti nu gbogbo rẹ̀ tí ẹ̀dà kò sì sí, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì fi nǹkan tuntun kankan pamọ́ sórí rẹ̀, títí kan ètò tí ẹ rò pé yóò wá fáìlì yín jáde. Háàdì díráìfù àtijọ́, èyí tó ń yí, ṣì lè ní ìrètí lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ìgbàpadà. Ìrètí ti SSD, ìyẹn díráìfù tuntun tí kò ní ohun tó ń yí nínú, kéré gan-an, nítorí òun fúnra rẹ̀ máa ń tètè nu àyè tí a bá ti pa fáìlì rẹ̀ rẹ́.

Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ bá pé, kó dá fáìlì padà díẹ̀díẹ̀, kó má sì pa ẹ̀dà náà rẹ́ lẹ́yìn tó bá dá a padà tán. Kí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títí ayẹ̀wéwò owó ẹgbẹ́ yóò fi yẹ àkáǹtì ọdún náà wò láti inú Windows tuntun. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè lo háàdì náà fún ẹ̀dà mìíràn.