Bí o bá fẹ́ yin ọta irin nínú ìbọn àtijọ́

Láti Kàbà dé Ìsánlú, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ ọdẹ. Ọta òjé ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún. Òjé rọ̀, bó bá dé ibi tí ọ̀pá ìbọn ti fún lẹ́nu, á fún ara rẹ̀ pọ̀, á kọjá. Irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá ìbọn ló máa yà fún un, ẹnu rẹ̀ á sì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.

Kọ́kọ́ ṣí ìbọn náà, kó o rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bó o bá rí ìlà tó lọ́ yí ọ̀pá ká bí ara ejò, gbé e kọ́ ògiri. Má yin kátíréèjì òde òní kankan nínú rẹ̀, òjé ni o, irin ni o. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ ńkọ́? Ògiri kan náà ni.

Wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ọ̀pá, èyí tó ń sọ bí ihò tí kátíréèjì ń jókòó sí ṣe gùn tó: mìlímítà 65 tàbí 70 ló sábà máa ń jẹ́. Ibí ni ẹ̀tàn wà. Kátíréèjì 70 lè wọ inú ìbọn 65 wẹ́rẹ́, torí gígùn tó máa ní lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín ni wọ́n kọ sí i. Bí ẹnu rẹ̀ bá wá ṣí, àyè ò sí mọ́, agbára ẹ̀tù á há sínú, ojú àti ọwọ́ rẹ ló sì wà nítòsí. Má sọ pé ó ṣáà wọlé.

Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹnu ìbọn. Bó bá fún ju half choke lọ, ìyẹn ìwọ̀n ẹnu ọ̀pá tó fún dé ìdajì, òjé ni kó o máa yìn. Ẹnu òsì ló sábà máa ń fún jù, nítorí náà ọ̀tún lè gbà kí òsì kọ̀. Má jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ṣakabùlà fi ayùn gé e o.

Kátíréèjì irin tí wọ́n kọ Standard steel sí ni kó o rà, èyí tí ife rọ́bà tó nípọn wà nínú rẹ̀ kí irin má baà họ ara ọ̀pá. High performance, èyí tó lágbára jù ú lọ, wà fún ìbọn tí wọ́n ti dán wò fún un, tó sì ní àmì òdòdó fleur-de-lys. Ti bàbá rẹ kò ní in. Má sì tú kátíréèjì òjé kó o da bọ́ọ̀lù bíárìn sínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é mọ ara rẹ̀.

Irin fúyẹ́ ju òjé lọ. Bó bá jẹ́ òjé nọ́ńbà 5 lo fi ń pa awó, mú irin nọ́ńbà 3 tí ọta rẹ̀ tóbi jù ú lọ, kó o sì sún mọ́ ẹran náà. Má yìn ín kọjú sí àpáta, torí ó máa ń ta padà, àpáta ò sì wọ́n nílẹ̀ wa.

Lẹ́yìn bíi ẹ̀ẹ̀mélòó kan, yọ kátíréèjì kúrò, kó o fi ìka ra ẹnu ọ̀pá yíká lóde. Bí ìka rẹ bá kan òrùka tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, má yìn ín mọ́ títí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbọn yóò fi wò ó.