Ibà kọ́ ló ń ṣe ẹ́ o: trámádọ̀, kódíìnì àti ọmọ Ìbàdàn tó ń lọ UK

Ìbàdàn ni mo wà bí mo ṣe ń tẹ èyí, mo gba ìsinmi wá sílé láti Leeds. Àná ni ìyá kan ládùúgbò wa l'Ókè-Àdó wọlé wá bá mi, ọmọ ẹ̀ ń lọ ka másítáàsì ní September. Ó bi mí nípa kóòtù òtútù, ó bi mí nípa owó ilé, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń ta oògùn ara ríro lọ́hùn-ún?" Mo ní Panadol wà ńbẹ̀ rẹpẹtẹ, mà. Ó ní kì í ṣe Panadol, èyí táwọn ọlọ́kadà ń lò yẹn. Káàdì trámádọ̀ mẹ́fà ló rí nínú ìbọ̀sẹ̀, lábẹ́ ẹ̀lùbọ́ tóun fúnra ẹ̀ dì sínú àpótí ọmọ.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn jàpá tá à ń gbà, wọ́n á sọ IELTS, wọ́n á sọ owó tó gbọ́dọ̀ wà ní báńkì, àmọ́ ohun tó ti mọ́ èèyàn lára kó tó wọ bàálù, kẹ́kẹ́ pa.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí àpótí náà. Láti 2014 ni UK ti fi trámádọ̀ sábẹ́ òfin oògùn tí wọ́n ń ṣọ́. Tó bá jẹ́ dókítà ló kọ ọ́ fún ẹ, gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ní orúkọ ẹ, orúkọ oògùn àti iye ẹ̀, tí ohun tó o kó bá sì tó ti oṣù mẹ́ta, ó ti di ohun tó ń gba láísẹ́ẹ̀sì. Èyí tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé kò ní lẹ́tà.

Kó o tún wo ara káàdì yẹn dáadáa. Mílígíráàmù 225 ni wọ́n kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ NAFDAC ò fọwọ́ sí ju 100 lọ. Kápúsù 50 ló wọ́pọ̀ ní UK, 400 lóòjọ́ sì ni òpin fún àgbàlagbà. Wá gbọ́ o: tó o bá jókòó síwájú nọ́ọ̀sì òyìnbó tó o ní "mẹ́rin ni mò ń lò lóòjọ́", 200 ló máa kọ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ 900 ni ara ẹ ń gbà, ìtọ́jú tó máa wá fún ẹ ò sì ní tó ẹ. Mílígíráàmù ni kó o sọ, jọ̀ọ́. Ya fọ́tò káàdì náà sórí fóònù.

Èmi náà ò mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin kan tá a jọ gbé ilé ní Leeds ló là mí lójú, ọmọ Ọ̀jọ́ọ̀ ni, iṣẹ́ kéà ló ń ṣe. Trámádọ̀ ẹ̀ tán ní Friday. Nígbà tó fi máa di alẹ́ Saturday ó ti fi kúbùsù méjì wé ara ẹ̀, ó ń yán ṣáá, omi ń dà lójú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sunkún, imú ń ṣomi, gbogbo irun ara ẹ̀ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ta lábẹ́ aṣọ bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́. Ó ní ibà ni. Inú January o, yìnyín wà nílẹ̀, oṣù mẹ́jọ ló ti dé, ẹ̀fọn wo? Ó ti lo oògùn ibà tó gbé wá láti Mọ́kọ́lá, ó tún ń ní kí n bá òun wá àgbo. (Tó bá jẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé tí ara ẹ ń gbóná, ibà gidi ṣì lè jẹ́, pe 111, nọ́ńbà ìlera NHS, kó o sọ fún wọn pé Nàìjíríà lo ti ń bọ̀.)

Ara tó ń béèrè oògùn ni. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́jọ sí ọjọ́ kan lẹ́yìn èyí tó o lò kẹ́yìn, ọjọ́ kejì ìkẹta ló máa ń gbóná jù, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá kó tó rọlẹ̀, oorun ló máa ń pẹ́ padà jù. Ti trámádọ̀ tún ní àrà tiẹ̀: àyà àwọn míì á máa já pàà, wọ́n á máa rí ohun tí ẹlòmíì ò rí. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ayé ló ń ṣe é.

Tó o bá wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, omi ni kó o kọ́kọ́ rò, torí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á gbẹ ara ẹ, ibẹ̀ ni ewu ti ń wá. Lítà méjì sí mẹ́ta lóòjọ́. ORS wà ní kẹ́míìsì, Dioralyte ni wọ́n ń pè é, tí kò bá sí, po síbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìlàjì síbí iyọ̀ mọ́ lítà omi kan, síbí tó tẹ́jú, kó má ga. Ẹ̀kọ mímu ni mo fún ọmọ Ọ̀jọ́ọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló mu ún ló tún bì í, ìgbà kẹrin ló dúró. Paracetamol dáa fún ara ríro àmọ́ kó má kọjá hóró 500 mẹ́jọ lóòjọ́. Má sì sáré lọ ra co-codamol láti fi rọ́pò, mo mọ̀ pé kódíìnì wà nínú ẹ̀, àmọ́ paracetamol 500 wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, ẹni tó bá ń kó o mì torí kódíìnì, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa fi san án.

Àwọn kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ dá a ṣe nínú yàrá rárá. Aláboyún, torí ọmọ inú. Ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ tàbí tó ń lo Valium, torí fífi àwọn yẹn sílẹ̀ lójijì lè fa gìrì, ó sì lè pààyàn. Ẹni tí gìrì ti mú rí. 111 ni kí wọ́n pè, tí gìrì bá mú èèyàn tàbí tí kò jí mọ́, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ilẹ̀kùn tí wọn kì í fi hàn wá wá nìyí. Gbogbo kánsù ní England ló ń sanwó fún ibi ìtọ́jú àwọn tí oògùn ti mọ́ lára, o lè fi ẹsẹ̀ ara ẹ rìn wọlé, kò gba lẹ́tà dókítà, ọ̀fẹ́ ni. Tó ò bá mọ èyí tó sún mọ́ ẹ, pe FRANK, nọ́ńbà ìmọ̀ràn lórí oògùn, 0300 123 6600. GP náà, ìyẹn dókítà àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni kó o forúkọ sílẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ lé ẹ torí pé o ò mú físà dání.

Mo tẹ̀lé ọmọ náà lọ. Ibẹ̀ ò jọ ọsibítù rárá, ó jọ ọ́fíìsì kékeré kan báyìí, wọ́n fún un ní tíì, obìnrin kan bi í ní ìbéèrè bíi wákàtí kan: kí lò ń lò, láti ìgbà wo, ṣé ọmọdé wà nílé, ṣé o ti rò ó rí pé kó o pa ara ẹ. Wọ́n gba ìtọ̀ ẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn ló ń retí pé wọ́n máa bú òun, mo rí i lójú ẹ̀. Wọn ò bú u. Nígbà tá a jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Keyworker ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n máa fi ẹ́ lé lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ trámádọ̀ nìkan, wọ́n lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀, oògùn míì ni wọ́n á fi rọ́pò ẹ̀: methadone, omi aláwọ̀ ewé, tàbí buprenorphine tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n. Níbẹ̀rẹ̀, iwájú oníkẹ́míìsì lo ti máa lò ó lójoojúmọ́, ó ń tini lójú lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì ní yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Buprenorphine yẹn, má tètè lò ó, dúró kí ara kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe sọ fún ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun gan-an ló máa ti ẹ́ sínú ìyà tó ò ń sá fún. Tó o bá pa á jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún ẹ yẹ̀ wò, má bínú sí wọn, ara ẹ ni ò gba iye tàtijọ́ mọ́.

Ibi tí ikú gan-an wà nìyẹn. Ẹni tó fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọkàn ẹ̀ wá bà jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, tó lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó lè má jí. Gba naloxone lọ́wọ́ wọn, oògùn tó ń jí ẹni tó lò ó jù, ọ̀fẹ́ ni, òmíràn ń lọ símú, kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí wọ́n ṣì pe 999 o, torí agbára ẹ̀ kì í pẹ́. Oògùn tí wọ́n ń tà lórí Snapchat, má sún mọ́ ọn, láti 2023 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé nitazene, oògùn olóró kan, ń wà nínú àwọn ayédèrú hóró, ó le ju hẹróìnì lọ.

Ẹ̀rù Home Office, àwọn tó ń rí sí físà, ló ń ba gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ ẹ wà láàárín ìwọ àti àwọn tó ń tọ́jú ẹ, àyàfi tí ìwọ fúnra ẹ, ọmọdé tàbí ẹlòmíì bá wà nínú ewu. Tó o bá ń wakọ̀, òfin ní kó o sọ fún DVLA, àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ẹ̀sì ìwakọ̀, ìyẹn ò dùn, àmọ́ kò sí bí mo ṣe lè fi bò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ máa gbàdúrà, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á, àmọ́ ẹ má ní kó já methadone ẹ̀ jù torí ààwẹ̀. Ẹ má fi káàdì rán ẹnikẹ́ni "torí ara ń ro ó". Ẹ pè é lálẹ́, ìgbà yẹn ló máa ń le jù, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá ó ti jẹun. Ìpàdé NA (Narcotics Anonymous), ti àwọn tó ń jà láti fi oògùn sílẹ̀, náà wà, ọ̀fẹ́ ni, tórí íntánẹ́ẹ̀tì wà pẹ̀lú. Tí ẹni náà bá wà ní Nàìjíríà, NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 0800 1020 3040.

Ìyá yẹn fẹ́ da káàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ṣáláńgá lálẹ́ àná. Mo ní kó fọwọ́ dúró ná, tó bá dà á nù tí ọmọ ò bá rí nǹkankan lò ní ọ̀la, nínú ilé ẹ̀ ni gìrì ti lè mú un. September ṣì jìnnà, kó kọ́kọ́ rí dókítà ní ẹ̀ka ìṣègùn ọpọlọ ní UCH, kí wọ́n bá a dín in kù kó tó fò. Mo bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé, ó bínú, ó tún dákẹ́, ó ní òun gbà. Ọjọ́bọ̀ la ń lọ. Ó ní kí èmi àti ìyá òun wọ Micra kan, òun á wọ tòun lọ́tọ̀.