Eríàlì ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò yọ: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Òkun o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ìbéèrè lórí eríàlì ti ń tọ̀ mí wá ní Kàbà níbí. Eríàlì àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni mò ń wí, èyí tó máa ń yọ sókè fúnra rẹ̀ bí a bá tan rédíò, tó sì máa ń padà wọ ihò bí a bá pa á. Ó ń dùn mí pé èyí tó ṣeé tún ṣe ni ọ̀pọ̀ ń hú dànù. Kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan, kó pa ẹ́ńjìnì, kó yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí rédíò ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíràn tan rédíò, kí òun dúró ti eríàlì, kó sì fetí sílẹ̀. Èyí tó ń dún tí kò gbéra, èyí tó ń kérora, àti èyí tó dákẹ́ rọ́rọ́, àìsàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìbéèrè (láti Mọ̀pà): Honda Accord 1992 ni mò ń wà. Bí mo bá tan rédíò, mo ń gbọ́ kìrìkìrì lẹ́yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n eríàlì kò yọ. Ríwáyà ní kí n lọ ra odindi tòkúnbọ̀. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì rà á. Mọ́tò kékeré tó ń dún kò tíì kú. Inú ọ̀pá eríàlì yẹn ni okùn náílọ́ọ̀nù gígùn kan wà tó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ayùn. Orí rẹ̀ so mọ́ ọ̀pá tó tín-ín-rín jù lókè. Jíà mọ́tò ló ń fi eyín tirẹ̀ mú eyín okùn náà, tó ń tì í lọ sókè, tó sì ń ká a sínú ilé rẹ̀ nígbà tó bá ń wálẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tó ti jẹ oòrùn fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gbẹ, yóò já, tàbí kí eyín rẹ̀ jẹ tán. Jíà á wá máa yí lófo. Ọ̀pá pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù rẹ̀ nìkan ni kí ẹ wá, kí ẹ sì mú èyí tó bàjẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí gígùn àti eyín wọn bára mu.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ rèé. Ẹ fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó wà lókè ara ọkọ̀ níbi tí ọ̀pá ti ń yọ. Kí ẹnìkan tan rédíò, kí ẹ̀yin fa ọ̀pá náà jáde lọ́wọ́, ní tààrà, láìyí i. Kí ẹ tó jù ú nù, ẹ wo apá ibi tí eyín náílọ́ọ̀nù kọjú sí, kí ẹ sì fi wọn gígùn èyí tuntun. Bí ti àtijọ́ bá kúrú, ìyókù rẹ̀ ṣì wà nínú. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ nìyẹn: wọ́n á ki tuntun lé àjákù lórí, á há, wọ́n á ní mọ́tò ló bàjẹ́. Ó di dandan kí ẹ ṣí aṣọ inú bọ́ọ̀tù, kí ẹ tú mọ́tò sílẹ̀, kí ẹ ṣí ìdérí ilé okùn rẹ̀, kí ẹ ṣa gbogbo àjákù kúrò. Gíríìsì díẹ̀ lára jíà nígbà tó bá ti ṣí kò burú.

Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú rédíò ní títàn, ẹ ki náílọ́ọ̀nù tuntun wọlé, kí eyín rẹ̀ kọjú síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí, títí ẹ ó fi mọ̀ pé ó ti kan jíà. Ẹ ké sí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pé kó pa rédíò. Mọ́tò á gbà á lọ́wọ́ yín, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì. Ẹ má ṣe tì í. Ẹ kàn mú ọ̀pá dúró ṣánṣán kó má wọ́. Bó bá wọlé tán, ẹ dè é ní nọ́ọ̀tì, kí ẹ tan rédíò, kí ẹ pa á, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá wọlé tán lẹ́ẹ̀kan, ó sábà máa ń tún ara rẹ̀ tò lẹ́ẹ̀kejì.

Títí ọjà yóò fi bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ yọ fíúùsì rẹ̀. Mọ́tò tó ń yí tí kò mọ ìgbà tí yóò dúró lè fa bátìrì gbẹ.

Ìbéèrè (láti Ìyàrà): Tèmi ń dé ìdajì, á máa kérora, á dúró. Mo ti fi gíríìsì pa á, ó tún wá burú sí i.

Ìdáhùn: Gíríìsì lára ọ̀pá yẹn gan-an ló burú, àbúrò. Eruku pupa ojú ọ̀nà wa àti ti ọyẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ó di ẹrẹ̀. Fi àkísà tí o fi kẹrosíìnì díẹ̀ rin nu ọ̀pá náà, ìpele kọ̀ọ̀kan, títí àkísà á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, fi ẹ̀kán óìlì ẹ̀rọ ìránṣọ kan tàbí méjì sí i, gbé e sókè sódò, kí o sì tún nù ún gbẹ. Bí ìpele kan bá ti tẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ọ̀pá tuntun, torí ibi tó tẹ̀ kò ní gba ihò wọlé mọ́. Máa pa rédíò kí o tó gbé ọkọ̀ fún àwọn tó ń fọ̀ ọ́.

Má sì ṣe gbà pé ìdajì tó. Ìgbì FM gùn tó nǹkan bíi mítà 3, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì ni eríàlì ọkọ̀ ń fẹ́, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 75. Láàárín àwọn òkè wa yìí, níbi tí òkúta ti ń dínà ohùn láti Lọ́kọ́ja, sẹ̀ǹtímítà tó bá dín á hàn lára ìròyìn tí o fẹ́ gbọ́.

Ìbéèrè (láti Ìsánlú): Ọmọ kan bá mi fi rédíò tuntun sí ọkọ̀ olóògbé ọkọ mi. Láti ìgbà náà, eríàlì kò mira, kò tilẹ̀ dún.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àfẹ́kù. Ó ṣeé ṣe kí eríàlì yẹn wà láàyè. Wáyà mẹ́ta pàtàkì ló ń lò: èyí tí iná ń wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, èyí tó kanlẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ (tí iná ń gbà padà), àti èyí tí rédíò fi ń pè é. Lára ọ̀pọ̀ rédíò tuntun, aláwọ̀ búlúù ni wáyà ìpè náà. Búlúù tó ní ìlà funfun sì jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Àwọn tó ń fi rédíò sí ọkọ̀ sábà máa ń gbàgbé ti búlúù sílẹ̀ láìso. Ẹ ní kí ríwáyà yẹ fíúùsì wò, kó sì fi téstà kan wáyà náà nígbà tí rédíò bá wà ní títàn. Bí iná bá dé ìdí mọ́tò, tó sì kanlẹ̀ dáadáa, tí kò sì dún síbẹ̀, mọ́tò ló kú. Omi ló sábà máa ń pa á: rọ́bà kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí omi òjò ń gbà jáde, ìdọ̀tí á dí i, omi á dúró, ìpẹtà á dé.

Ìbéèrè (láti Ọ̀bájànà): Ó ń yọ dáadáa, àmọ́ ariwo ṣì pọ̀ nínú rédíò.

Ìdáhùn: Ẹ wo ìdí rẹ̀ níbi tó ti kan ara ọkọ̀. Bí ọ̀dà tàbí ìpẹtà bá wà láàárín wọn, kò kanlẹ̀. Ẹ fi sáńdípépà họ ọ́ títí irin á fi dán. Lẹ́yìn náà, kí ẹ rí i pé okùn eríàlì wọ ẹ̀yìn rédíò tán.

Ìbéèrè (láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ): Kò sí ọjà rẹ̀ mọ́. Ṣé mo lè fi èyí tó dúró sójú kan rọ́pò rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá ihò yẹn mu ni kí ẹ rà, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75, kó ní rọ́bà tí kò ní jẹ́ kí òjò wọlé. Wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, torí bó bá kan irin ara ọkọ̀, ọkọ̀ lè gbiná. Kí wọ́n yọ fíúùsì rẹ̀, kí wọ́n fi téèpù wé ẹnu wáyà náà dáadáa, kí wọ́n sì dì í mọ́ ibi tí ẹrù inú bọ́ọ̀tù kò ti lè fà á.