Kóòdù àbí Zapier? Ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá yín ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀, bóyá kí ẹnì kan kọ kóòdù fún yín ni o, tàbí kẹ́ ẹ lo Zapier, irinṣẹ́ tó ń so áàpù pọ̀ mọ́ra láìsí kóòdù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé èèyàn á ti mú irinṣẹ́ kó tó mọ bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe ń lọ gan-an. Màmá kan tó ń ta léèsì pè mí pé òun fẹ́ kí n kọ sọ́fítíwíà tí á máa gba ọ́dà, mo ní ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jọ́ kan. Àṣé ọmọ tó ń bá wọn gba ọ́dà máa ń pe dispatch ná kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, torí tí ò bá sí ọ̀kadà tó ń lọ Ìkòròdú lọ́jọ́ yẹn, kì í gba ọ́dà ibẹ̀. Màmá gan-an ò mọ̀!

Ẹ má sì sọ pé Zapier wọ́n tàbí kò wọ́n láìṣírò. Gbogbo nǹkan tó bá bá yín ṣe yọrí ló ń kà sí task kan, iye task ló sì ń wò gba owó. Ọ́dà 40 lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ Google Sheets, tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà, tó ń sọ fún dispatch, tó tún ń yọ ọjà kúrò nínú sítọ́ọ̀kì, mẹ́rin nìyẹn, 160 lójúmọ́, 4,800 lóṣù. n8n, irinṣẹ́ mìíràn tó jọ Zapier, ní tiẹ̀ ń ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan, 1,200 péré ni, tẹ́ ẹ bá sì gbé èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ẹ̀ sórí server tara yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, wọn ò ní ka iye kankan, ṣùgbọ́n ta ló máa jí lóru tí server yẹn bá kú?

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti owó. Paystack, tó ń bá oníṣọ́ọ̀bù gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń kọ owó ní kọ́bọ̀, ₦5,000 á wọlé bíi 500000, ẹni tí ò bá fi 100 pín in ti ba ìwé owó ẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Tí ibi tẹ́ ẹ ní kí wọ́n máa fi ìròyìn owó ránṣẹ́ sí ò bá sì dáhùn 200 padà, ìyẹn “mo ti gbà á”, wọ́n á tún un fi ránṣẹ́, wọ́n á tún un, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Kọ́sítọ́mà san owó ẹ̀ẹ̀kan, dispatch gbé léèsì méjì jáde. Kóòdù nìkan ò lè gbà yín, Zapier náà ò lè gbà yín, àfi kẹ́ ẹ máa yẹ reference owó yẹn wò, ìyẹn àmì tí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ń ní, tó bá ti wà nílẹ̀, ẹ fò ó.

Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni kóòdù torí ọmọ àbúrò yín ló kọ ọ́ o. Tó bá japa, password ń bá a lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kóòdù náà, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn àpótí tá à ń fà lójú kọ̀ǹpútà nínú Zapier àti n8n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ kan. Nǹkan tí oníṣọ́ọ̀bù á fẹ́ máa yí padà fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ tí àpótí bá ti lé ní ogún, tí ìlà ń gorí ìlà, tẹ́ ẹ ò mọ ibi tí ọ́dà ti sọnù mọ́, ẹ kó apá yẹn sínú kóòdù, n8n ní àpótí tó ń gba JavaScript àti Python, ẹ ò ní láti da gbogbo ẹ̀ nù. Bá a ṣe ṣe ti màmá nìyẹn: ọ̀rọ̀ owó wà nínú kóòdù, kò ju nǹkan bí ìlà 40 lọ, ìyókù wà nínú àpótí, ọmọ tó ń gba ọ́dà ló ń ti ọ́dà Ìkòròdú pa fúnra ẹ̀ láàárọ̀ tí ò bá ti sí ọ̀kadà.