Bí A Ṣe Ń Béèrè Owó Ìrànwọ́ NIOSH fún Àpérò lórí Ààbò àti Ìlera Lẹ́nu Iṣẹ́

Ní Amẹ́ríkà, NIOSH ni ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń pa òṣìṣẹ́ lára lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ọdún 1970 lórí ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ ló dá a sílẹ̀, abẹ́ CDC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdènà àrùn, ló sì wà. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní R13 ni ó fi máa ń ran àpérò àwọn onímọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ OSHA, tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́: iṣẹ́ OSHA ni láti rí i pé àwọn agbanisíṣẹ́ pa òfin mọ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ sì ni owó Susan Harwood tó ń pín wà fún. Ẹni tó bá gbé ìwé àpérò lọ síbẹ̀ ti ṣi ọ̀nà gbà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìkéde owó ìrànwọ́ náà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí Grants.gov, ìkànnì tí ìjọba ti ń kéde owó ìrànwọ́, kí ẹ kà á látòkè délẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ síbẹ̀ láti mọ̀ bóyá àpérò yín bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Ìbéèrè yìí ṣe kókó gan-an lásìkò yìí, nítorí pé ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba kọ ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ NIOSH. Ẹ má ṣe gbára lé ìkéde ọdún tó kọjá.

Bí ẹ ti ń dúró de èsì, ẹ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ lórí SAM.gov, ìkànnì ìjọba tí àwọn tó fẹ́ gba owó rẹ̀ ti ń forúkọ sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa fún yín ní UEI, nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀, lẹ́yìn náà lórí Grants.gov àti eRA Commons, ìkànnì tí ẹ ó ti máa tọpa ìwé yín. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ rí i dájú pé orúkọ tí ẹ kọ sórí SAM bá èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí mu láìyẹ̀, nítorí pé orúkọ tó yàtọ̀ díẹ̀ lè dá gbogbo iṣẹ́ náà dúró.

Ìdí tí ẹ fi fẹ́ pe àpérò náà gan-an ni ọkàn ìwé yín, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù. Ohun mẹ́ta ni NIOSH máa ń gbé yẹ̀ wò: bí ìpalára náà ṣe wúwo tó, ohun tí a nílò láti mọ̀ tàbí láti ṣe sí i, àti ìyípadà tí yóò tẹ̀yìn iṣẹ́ náà yọ. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ṣe àpẹẹrẹ, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà ń fi ara ṣe. Obìnrin kan ń gbé arúgbó tó wúwo jù ú lọ láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, lójoojúmọ́, láìsí ẹ̀rọ tó ń gbéni. Ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí ẹ bá kọ pé “ẹ̀yìn dídùn wọ́pọ̀ láàárín àwọn olùtọ́jú,” ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ fi àkọsílẹ̀ ìjọba hàn wọ́n bí àwọn tó ń farapa ṣe pọ̀ tó. Ẹ sọ ohun tó ń dí ìlò ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ẹ sì sọ ẹni tí yóò gba àbájáde àpérò náà lọ́wọ́ yín àti ohun tí yóò fi ṣe ní ilé ìtọ́jú rẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àpérò kì í fún òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ láyè láti sọ̀rọ̀. Ẹ fi í sínú ètò yín, kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ óò to ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀ àti ti àwọn tó máa sọ̀rọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà láti wá. Nínú ètò ìnáwó, ẹ kọ iye owó ọkọ̀, ti ilé ìtura àti ti gbọ̀ngàn níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọn kì í sanwó ọtí tàbí ìgbafẹ́, wọn kì í sì í gbà kí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ tó gba owó náà yọ owó àbójútó ọ́fíìsì lára owó àpérò. Níwọ̀n bí owó náà kì í ti í sábà kárí gbogbo ìnáwó, ẹ sọ ibi tí ìyókù yóò ti wá.

Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìparí, nítorí pé ọjọ́ iṣẹ́ méjì péré ni eRA Commons máa ń fún yín láti yẹ̀ ẹ́ wò bí ó ti gbà á, bí ẹ bá sì rí àṣìṣe, ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí àkókò tó tán. Àwọn onímọ̀ yóò ka ìwé náà, wọn yóò sì fún un ní máàkì láti 10 dé 90. Èyí tó kéré jù ló dára jù. Bí wọn kò bá fún yín lówó, ẹ óò rí àlàyé wọn gbà. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó pe òṣìṣẹ́ tí ẹ kọ̀wé sí níbẹ̀rẹ̀ láti béèrè èyí tó ṣe é tún ṣe nínú rẹ̀.